Ta Ló Pa Ilà Màmá Rẹ́?

Irọ́ ni. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo fẹ́ pè é. Kí èèyàn gba fọ́tò ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kó fi kọ̀ǹpútà nu ojú wọn nù, kó sọ wọ́n di pupa, kó wá gbé ohun tó kù sára bánà sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, irọ́ ni, bó ti wù kí aṣọ ẹbí dára tó lọ́jọ́ náà.

Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, adúmáadán sì ni wọ́n. Kò sí ẹni tó dàgbà ní àdúgbò yẹn tí kò mọ ojú náà. Obìnrin tí a bá lára bánà kò ní ilà kankan. Awọ ojú rẹ̀ kò hunjọ níbì kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí gèlè rẹ̀ ká tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ ọn. Ìyá àgbà kan tí òun àti Màmá ti jọ tajà pẹ́ ní ọjà Akẹ̀sán dé tòun ti ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n dúró níwájú bánà náà, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, òkú ta ni wọ́n ń sin níbí?" Ẹni tí wọ́n jọ jẹ, tí wọ́n jọ mu! Inú bí mi débi pé oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi kò ṣeé jẹ.

Mo wá onífọ́tò tó ṣe bánà náà kàn. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Bàbá, ẹ má bínú, àwọn ọmọ wọn ló ní kí n jẹ́ kí ojú Màmá mọ́." Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí ojú mọ́! Èmi kò sọ pé kò ní ìtẹríba. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò yẹ àdéhùn, ó sì mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìtẹríba wà, iṣẹ́ ṣíṣe wà, ọ̀yàyà wà. Ṣùgbọ́n bí òtítọ́ kò bá sí níbẹ̀, kí ló kù tí a ó fi pe èèyàn ní ọmọlúàbí? Ìtẹríba tí kò lè sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ dákun, ojú ìyá yín kọ́ nìyí," ọjà títà ni. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: àwọn ọmọ Màmá fowó ra tiwọn, wọ́n sì tún gbé e kọ́ síta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dá ẹ̀rọ lẹ́bi fún mi. Ẹ̀rọ kò mọ Màmá. Bí a bá ní kí Photoshop, tàbí èyí tó wà lórí fóònù, mú kí awọ ojú jọ̀lọ̀, ohun tó máa ń wá kiri ni ibi tí òjìji kékeré ti pààlà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lórí awọ. Á pò wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi dọ́gba. Lójú rẹ̀, irorẹ́ àti àbàjà kò yàtọ̀. Ilà jẹ́ ojú ọgbẹ́ tó ti jinná, òjìji inú rẹ̀ la sì fi ń rí i nínú fọ́tò. Òjìji yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá rí bàìbàì, onífọ́tò á sáré lọ tẹ sharpening kí àwòrán lè mú. Kò lè dá ohun tó ti sọnù padà. Etí ibi tí dúdú ti kan funfun nìkan ló mọ̀: á mú kí ti dúdú tún dúdú sí i, kí ti funfun tún funfun sí i, ojú wa á sì gbà pé àwòrán ti hàn kedere. Bó bá mọ níwọ̀n, ó dára, ìpéǹpéjú á yọ, iṣẹ́ ara aṣọ òkè á yọ. Bó bá pọ̀ jù, á fa ìlà funfun yí orí ká, irun funfun á le gan-an-ran, ẹyinjú á máa ranjú mọ́ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti pò kò sì ní nǹkan kan mọ́ tí yóò yọ. Ìdí rèé tí gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ Màmá fi ń kígbe lára bánà náà, tí ojú tó wà láàárín wọn ṣófo. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Wọ́n á ní kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Kí Photoshop tó jáde ní 1990 làwọn onífọ́tò ti ń fi pẹ́ńsù ṣóńṣó kun ojú nẹ́gátíìfù kí ìhunjọ lè dín kù. Ère ìbejì náà, ọmọ ọwọ́ tó kú ni wọ́n ń gbẹ́ bí ẹni tó ti dàgbà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó tẹ àkọsílẹ̀ jáde ní 1978 lórí fọ́tò láàárín àwa Yorùbá, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò lè tẹ àwòrán èyí tó wà láyé lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. N kò ní pe ìyẹn ní irọ́, nítorí gbogbo ẹni tó bá rí i ló mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ sì wo ère ìbejì fínnífínní, ẹ ó rí ilà ìdílé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kò gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àkó fún ẹni ńlá tó ti kú, ère tó jọ olóògbé náà ni wọ́n máa ń gbẹ́, tí wọ́n á wọ̀ láṣọ, tí wọ́n á gbé kiri ìlú. Jíjọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní tiwa, a ní ẹ̀rọ tó lè ya irun imú, a wá ń fi í ya ẹni tí kò sí.

Fọ́tò bàbá mi kan wà lára ògiri ilé wa. Onífọ́tò tó yà á sún àga wọn súnmọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bá ẹ̀gbẹ́ ojú wọn, ó ní kí wọ́n jókòó kí ẹ̀yìn wọn nà, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó tọ́ fìlà wọn. Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ti parí kó tó tẹ ẹ̀rọ. Àpá kan wà níwájú orí bàbá mi, igi ló ṣá wọn lóko. Àpá náà wà nínú fọ́tò. Ọmọ mi tí kò bá wọn láyé ló béèrè ohun tó ṣe wọ́n níwájú orí, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn oko náà fún un, títí kan ọdún tí iṣu kò ta. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá wá jó àkísà náà níná, kí ni àwọn ọmọ yóò bi wá léèrè?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀, n kò sì bá òfin náà jà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi tó kọlà. Ìyẹn ló túbọ̀ mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí: àwọn olójú ilà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń rọ́pò wọn. Nínú fọ́tò nìkan ni ọmọ-ọmọ Màmá ti lè rí àbàjà ìdílé rẹ̀. A sì ti fọwọ́ ara wa pa á rẹ́, a tún sanwó ẹni tó pa á rẹ́.

Onífọ́tò náà jẹ́wọ́ fún mi pé fọ́tò tí òun yà kí òun tó fọwọ́ kàn án ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kó gbé e jáde. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò tó, kó tàn án sí i díẹ̀. Òógùn tó ń dán níwájú orí Màmá, kó dín in kù. Okùn iná tó ta kọjá lẹ́yìn wọn, kó yọ ọ́. Kó fi àwọ̀ wọn sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sharpening, kó gbẹ́yìn, kó kéré, kó sì wò ó ní ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí dípò kó wò ó lórí fóònù. Kí àwọn ọmọ Màmá gba ẹ̀dà yẹn kọ́ sí pálọ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí wọ́n ká bánà yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ owó rẹ̀ ni wọ́n ń rò, kí wọ́n wá bá mi, èmi yóò san án.