ẸNI TÍ KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀, TÓ SÌ Ń KANLẸ̀KÙN

Bíbélì kíkà: Jòhánù 10:1-3, Ìfihàn 3:7-20, Onídàájọ́ 3:23-25



Láàárín oṣù mélòó kan yìí, àwọn ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń ṣí àgádágodo ilẹ̀kùn láìlo kọ́kọ́rọ́. Ìyá kan rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpò ìwé ọmọ rẹ̀, ó dì wọ́n sínú ìnujú bí ẹni di oògùn, ó sì gbé wọn wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan tí mo rí. Ṣé kí ọmọ mi lè di olè ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ òru ní Amẹ́ríkà?"

N kò fi í rẹ́rìn-ín. A mọ ibi tí a wà. Ní Atlanta níbí, ọlọ́pàá tó bá rí irú irin bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò ọmọ dúdú ní aago méjì òru lè má dúró béèrè bóyá ọmọ kọ́áyà ni. Òfin ìpínlẹ̀ Georgia kò sọ pé níní irin náà lásán jẹ́ ọ̀ràn. Ohun tó kà sí ọ̀ràn ni kí ènìyàn ní in lọ́wọ́ pẹ̀lú èrò láti fi ṣiṣẹ́ ibi, ìjìyà rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 5. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn kì í hàn lójú. Nítorí náà mo sọ fún àwọn ọmọ náà láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ilé ni kí irin náà máa gbé.

Mo sì sọ fún ìyá náà pé abẹ́rẹ́ tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, irú rẹ̀ kan náà ni ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún fi ń gún ara rẹ̀. Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ.

Àgádágodo tí à ń wí yìí ló wà lára ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú ilé wa, láti Stone Mountain dé Lawrenceville. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀, ẹ ó rí Kwikset tàbí Schlage níbẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi igi ṣe irú rẹ̀: èèkàn kéékèèké ń jábọ́ sínú ihò ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ onígi ńlá sì ń gbé wọn sókè. Ẹni tó bá ka Àìsáyà 22:22 yóò rí i pé èjìká ni a gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Dáfídì lé, kì í ṣe inú àpò. Linus Yale kékeré, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di èyí tí kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ ń ṣí. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní 1861 àti 1865. Orúkọ Yale kò sì ṣàjèjì sí wa láti ilé.

Nínú rẹ̀, irin róbótó kan wà tó gbọ́dọ̀ yí kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Píìnì dúró ní méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì, nínú ihò tó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n wálẹ̀. Píìnì tòkè ló dábùú ibi tí irin róbótó náà ti pàdé ara àgádágodo, ni kò ṣe lè yí. Eyín kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ ló ń gbé píìnì kọ̀ọ̀kan sókè níwọ̀n tó yẹ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ á ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á fi irin kan rọra máa dán yíyí wò, á fi irin kejì máa wá inú rẹ̀. Nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè lu ihò márùn-ún kí wọ́n tò láìyẹ̀ rárá, píìnì kan ni yóò kọ́kọ́ há. Òun ni à ń rọra tì sókè. Bó bá dé àyè rẹ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, irin róbótó náà á sì yẹ̀ bí ìwọ̀n irun orí. Lẹ́yìn náà la ó wá èyí tó há tẹ̀lé e. Agbára ló ń ba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jẹ́: bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, gbogbo píìnì á há pọ̀; bó bá sì tú ọwọ́ sílẹ̀, gbogbo èyí tó ti ṣe á jábọ́ padà. Ọmọ kan ní kí n fọwọ́ kàn án, mo sì mọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Bí a ti ń fi ìka wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lápá arúgbó ni. Ojú kò rí i, ìka ló ń rí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó ra àgádágodo tirẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú píìnì kan tàbí méjì, kí ó máa fi kún un. Kí ó má fi ti ẹnu ọ̀nà ilé dánra wò, kí gbogbo ilé má baà sun ìta. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò yọ̀ǹda, kí ó má fọwọ́ kàn án.

Ní 1851, ará Amẹ́ríkà kan, A. C. Hobbs, lọ sí London. Ilé iṣẹ́ Bramah ti gbé àgádágodo kan sójú fèrèsé wọn fún ohun tó lé ní 50 ọdún, wọ́n ní ẹni tó bá ṣí i yóò gba 200 guinea. Hobbs fi wákàtí 51 ṣí i, ó pín in sí ọjọ́ 16. Ti Chubb tó ti kọ́kọ́ ṣí kò gbà ju ìṣẹ́jú 25 lọ. (Ti àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí irú ti Yale, ṣùgbọ́n sùúrù kan náà ni wọ́n ń fẹ́.) Àwọn kan bínú pé ó ń kọ́ olè níṣẹ́. Ìwé tó jáde lórúkọ rẹ̀ ní 1853 fèsì pé àwọn olè ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àwọn tó ń ra àgádágodo ni kò mọ̀. Ohun tí èmi rí nínú ìtàn yìí ni pé Bramah fúnra wọn ló pe ẹni tó bá lè ṣí i, àwọn adájọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Hobbs kò yọ́ ṣe é.

Ẹ tún wo Jòhánù 10. Olúwa wa kò fi irin ọwọ́ olè júwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ṣí ni olè. Ibi tó gbà wọlé ló fi júwe rẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn ń gba ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà sì ń ṣí i fún un.

Ẹ wá ṣí Ìfihàn orí 3. Nínú ìwé sí ìjọ Filadẹ́fíà, Jésù ni ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ Dáfídì, tí kò sí ẹni tó lè ti ohun tó bá ṣí. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́tàlá síwájú nínú orí kan náà. Ẹni yìí kan náà dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Laodíkíà, ó ń kanlẹ̀kùn. Kí ló ń kàn fún? Kò sí àgádágodo tí kò lè ṣí. Ó ń dúró de ohùn ẹni tó wà nínú ilé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa òbí ju àwọn ọmọ lọ. Mo mọ̀ pé ní ilé bàbá wa, ta ló nílẹ̀kùn? Àwa mẹ́fà la jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ọmọ tó bá tìlẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ ń wá wàhálà. Mo sì gbà pé ilé tí mo ń san owó rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá inú rẹ̀ tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń já wọ yàrá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bí ọlọ́pàá, tó ń tú àpò rẹ̀, tó ń ka ohun tó kọ, lẹ́yìn náà a ó máa sunkún pé ọmọ kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo píìnì ló há pọ̀ yẹn. Ní wọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn aláìsàn kò ní kọ́kọ́rọ́, síbẹ̀ mo ń kàn án. Mo ń sọ orúkọ mi, mo ń tọrọ apá rẹ̀. Bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé bá ní rárá, abẹ́rẹ́ á padà sínú àwo, ìbáà jẹ́ dókítà àgbà ló kọ ọ́.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Kíkàn ní ìwọ̀n. Àwọn ìránṣẹ́ Égílónì bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n rò pé ọba ń ṣe tinú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀wọ̀ dúró títí ojú fi tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ṣí i, òkú ni wọ́n bá. Bí ọmọ bá ti sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, tí ó sì tìlẹ̀kùn tí kò dáhùn, ẹ ṣí i. Bí kò bá ṣí, ẹ fọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa tó wá bá wa tọ́mọ láti ilé, tí a ń fi sílẹ̀ ní àwọn nìkan láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá ń pe ìyá tí kò gbé fóònù, tí aládùúgbò kàn án tí kò dáhùn, ẹ má dúró de àgádágodo tàbí oníkọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹ pe 911, àwọn panápaná á wá ṣí i. Bó bá jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í sábà wúlò ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán ládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kí Màmá kà á fún yín sókè kí ẹ tó jáde.