Ǹjẹ́ Ẹni tí ó Wà Lájò Lè Yọ̀ Láìjẹ̀bi?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìrìnàjò, ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa ní kọ̀rọ̀, tí a kì í sì í sọ ní gbangba. Bí ènìyàn bá fi ilé sílẹ̀, tí àwọn ará ilé sì wà nínú àìní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó máa bá ọ̀rẹ́ jẹ, kí ó máa bá ọ̀rẹ́ mu, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín? Ìgbà ìwọ́wé kan tí a lò ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé ìbéèrè náà kọ́ wa lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ ni ó gbé wa débẹ̀. Kí owó ọkọ̀ òfurufú wa lè pé, bàbá wa ní Kétu ta igi tíìkì tí ó ti ń tọ́jú láti ìgbà tí a ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A mọ iye igi tí ó wà nínú oko náà, nítorí àwa ni a máa ń ro ìdí wọn. Nítorí náà, a ti pinnu lọ́kàn wa kí a tó gúnlẹ̀ pé a kò wá ṣeré.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dá gbé. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ mú wa lọ sí ilẹ̀ Beaujolais, ní ìhà àríwá ìlú Lyon, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ká èso àjàrà. Ẹ̀yìn dùn wá, ṣùgbọ́n ní alẹ́, olóko àti alágbàṣe jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, a ń ra èso marron tí wọ́n ń sun lẹ́bàá ọ̀nà, a sì ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, bí ẹni ń jẹ àgbàdo sísun nílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a bá wọn lọ jẹun ní ilé oúnjẹ. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù san ti rẹ̀. Tiwa jẹ́ yúrò 15. Yúrò kan sì ju sẹ́fà 655 lọ, nítorí náà oúnjẹ alẹ́ kan súnmọ́ sẹ́fà 10.000. A fi àwòrán ìdí tábìlì náà ránṣẹ́ sílé láìronú. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fèsì ní gbólóhùn kúkúrú kan: «A rí i.» Kò bú wa. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò wa ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì san.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayọ̀ wa pamọ́. Bí ilé bá pè, a ó dìde kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́, a ó lọ dúró lórí àtẹ̀gùn, a ó ní òtútù ń mú wa, a ó ní iṣẹ́ pọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, ilẹ̀ Faransé a máa dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti òru ọjọ́ náà, aago Lyon àti aago Kétu ń sọ ohun kan náà. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, a mọ̀ pé agogo mẹ́jọ náà ni ó lù nílé. Èyí mú kí ó ṣòro fún wa láti gbàgbé.

Ayọ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọ̀rẹ́ wa kan ní kí a bá òun gbé òdòdó chrysanthème lọ sí ibojì ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹni tí ó wá láti ibi tí a ti ń bọ egúngún kò nílò àlàyé. A dúró tì í, lẹ́yìn náà a jọ jẹun ní ilé wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí ọtí Beaujolais tuntun, olúkúlùkù gbé oúnjẹ wá sí yàrá wa. Àwa ra iṣu ní àdúgbò La Guillotière. A kò ní odó, a kò ní ọmọ odó. Inú ìkòkò ni a ti fi ìdí ìgò gún iyán. Kò sí ẹni tí kò fọwọ́ jẹ ẹ́.

Ní ìparí oṣù náà ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n wa pé bàbá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìwòsàn nínú oṣù kẹwàá. Ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n ti bá gbogbo ilé sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa, kí ọkàn wa má baà dàrú. Bí àwa ti dúró lórí àtẹ̀gùn tí a ń sọ pé òtútù ń mú wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà dúró ní àgbàlá ilé ìwòsàn tí wọ́n ń sọ pé àlàáfíà ni àwọn wà.

Aristote, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà pé ó yẹ kí a tètè pe ọ̀rẹ́ síbi ire wa, ṣùgbọ́n kí a máa lọ́ra láti pè é síbi ìpọ́njú wa. Àwọn ará ilé wa pa ìdajì kejì mọ́. Àwa ni a rú ìdajì àkọ́kọ́. Lójú tiwa, méjèèjì kò ṣeé yà. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó mọ ayọ̀ wa kò ní lè gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ wá bá wa.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í san gbèsè. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá fi owó ilé ẹ̀kọ́ ṣe fàájì, olè ni. Ṣùgbọ́n inú owó náà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà, kì í ṣe inú ẹ̀rín. Bí a bá dá jókòó sínú yàrá tí a ń sunkún, ẹkún wa kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọn kò sọ pé àjò gbọ́dọ̀ korò. Wọ́n mọ̀ pé ó lè dùn. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún wa ni kí adùn rẹ̀ má di ìgbàgbé.

A pe ẹ̀gbọ́n wa, a sì jọ ṣe ìṣirò: iye tí ó ń wọlé fún wa, iye tí a lè fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, àti iye tí a ó jẹ. Iye tí a lè fi ránṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà a bá bàbá sọ̀rọ̀, a sọ ti iyán tí a fi ìdí ìgò gún. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì bèèrè bóyá àwọn òyìnbó náà jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ má kọ oúnjẹ tí ọ̀rẹ́ bá gbé kalẹ̀ níwájú yín. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá rí àwòrán náà, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n jẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí ń dùn yín fún wọn.