Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Bíbélì kíkà: Gálátíà 6:1-5, Jòhánù 21:15-19

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí jẹ mọ́ ẹni tó ṣubú nínú ìjọ, àti ohun tó yẹ kí àwa tó ṣì dúró ṣe sí i. Kí ó lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a lọ síbi tí àwọn akọrin máa ń jókòó sí, kí a mú àpẹẹrẹ kan níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ gìtá. Àwọn tó dàgbà nílé láyé I.K. Dairo àti Ebenezer Obey mọ̀ ọ́n nínú orin jùjú. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n nínú orin ìyìn ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní ara, ó ní ọrùn, ó sì ní orí. Orí yìí ni àwọn kọ́kọ́rọ́ kéékèèké tí a fi ń fa okùn le wà. Irú àwọn gìtá kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ṣubú, orí wọn máa ń ṣẹ́ mọ́ ọrùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí i á ní ó ti parí, ó ti di igi ìdáná. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Gìtá tí orí rẹ̀ ṣẹ́ ṣeé tún ṣe. Bí ojú ibi tó ṣẹ́ bá mọ́, tí a sì lẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ibẹ̀ lè le ju igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìṣubú náà ló ń sọ iṣẹ́ yìí di èyí tó ṣòro, bí kò ṣe ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe lẹ́yìn ìṣubú. Ìwàásù mi nìyẹn, ẹ̀yin ará. Bí ẹnìkan bá ṣubú láàárín wa, ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn náà ló máa pinnu bóyá a ó tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run.

Nínú Gálátíà 6:1, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn tó jẹ́ ti Ẹ̀mí tún ẹni tó ṣìnà ṣe pẹ̀lú ìwà tútù. Ọ̀rọ̀ tó lò ní èdè Gíríìkì níbẹ̀, òun náà ni Mátíù 4:21 lò nígbà tí àwọn ọmọ Sébédè ń tún àwọ̀n wọn ṣe nínú ọkọ̀. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì náà a máa lò ó fún títo eegun tó yẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹni tó jókòó ti ohun tó bàjẹ́, tó rọra ń fi ìka wá ibi tó ti ya.

Kí ló mú kí ó ṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú gìtá oníná tí wọ́n ń pè ní Les Paul, èyí tí ilé iṣẹ́ Gibson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1952. Igi mahogany, ìbátan ọ̀gànwó ilé wa, ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ kò dúró gbọọrọ. Wọ́n dá a sẹ́yìn díẹ̀, ní nǹkan bí digíríì 17. Ara igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ orí àti ọrùn. Níbi tí orí ti dá sẹ́yìn yẹn, àwọn ìlà inú igi kò gùn mọ́, wọ́n gé kúkúrú. Wọ́n tún gbẹ́ ihò síbẹ̀ fún ọ̀pá irin tó ń mú kí ọrùn má tẹ̀. Nítorí náà, ibi tó yẹ kó lágbára jù ló wá tínrín.

Okùn mẹ́fà ló wà lórí gìtá yìí. Bí a bá fà wọ́n le kí wọ́n lè kọrin, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa orí náà tó nǹkan bíi kílò 45. Ó kù díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan! Lọ́sàn-án, lóru, nígbà tí a ń lò ó àti nígbà tí a gbé e sí kọ̀rọ̀, ẹrù yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè ti orí ìdúró rẹ̀ ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì lásán, kí orí sì ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Ìṣubú kékeré báyìí?" Kò rí ẹrù tó ti wà níbẹ̀ kó tó ṣubú.

Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀? Arákùnrin kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó tún ń ṣe ti àárọ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Àwọn ará ilé ń tẹ̀ ẹ́ láago pé owó ilé ìwé àbúrò ti tó san, pé òrùlé Ìyá ń jò. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ ń sùn, ọkọ ń jáde nígbà tí ìyàwó ń wọlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ agbádá, ó rẹ́rìn-ín, ó bá wa kọrin. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kékeré ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹ́. Ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, n kò pè é lórúkọ mìíràn. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ẹrù tó wà lọ́rùn ènìyàn kò lè tún un ṣe.

Kọ́kọ́ dẹ okùn náà

Bí orí gìtá bá ṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ máa ṣe ni pé á dẹ okùn. Kò tíì béèrè ẹni tó tì í. Bí okùn bá ṣì ń fà, á máa ya ìwọ̀nba igi tó kù tó so orí mọ́ ọrùn.

Ìjọ Ọlọ́run, kí á tó pe ìpàdé lórí arákùnrin yẹn, ta ló ti bá a dẹ okùn? Ta ló ti bá wọn mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé? Ta ló ti gbé oúnjẹ lọ? Gálátíà 6:2 tẹ̀ lé ẹsẹ kìíní pẹ́kípẹ́kí: kí a máa ru ẹrù ara wa. Bí a bá ní kí ó sinmi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ fún ìgbà díẹ̀, kí ó mọ̀ pé ìsinmi la fún un, pé a kò lé e dànù.

Má fi ọwọ́ kan ojú egbò

Ìkejì: oníṣẹ́ kì í fi ìka kan ojú ibi tó ṣẹ́. Òógùn ọwọ́ wa ní ọ̀rá, gọ́ọ̀mù kì í sì í mú ibi tí ọ̀rá bá wà. Kì í ṣí i kó tún pa á dé kí àwọn ọ̀rẹ́ lè wò ó, nítorí àwọn ìrùn igi tó yẹ kó wọ inú ara wọn bí eyín á tẹ̀, wọn kò sì ní bá ara wọn mu mọ́. Bí èérún igi kankan bá já bọ́, á ṣà á pamọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, kí ni a máa ń ṣe tiwa? Ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan lálẹ́ Sátidé. Kó tó di ọjọ́ Ajé, fóònù ti dé Ìbàdàn. Olúkúlùkù fi ìka kàn án, olúkúlùkù ṣí i wò. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mátíù 18:15 sọ ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: láàárín ìwọ àti òun nìkan. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbàdúrà fún lágbájá, tó wá ròyìn gbogbo ohun tó ṣe, òróró ìka ló fi sójú egbò yẹn.

Má fi ọ̀dà bò ó

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìkánjú ni tiwọn. Wọ́n á da gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀ sí i, wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà, wọ́n á ní ó ti parí. Nígbà tí okùn bá tún fà, á ṣẹ́ níbi kan náà. Àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì á wá le ju ti àkọ́kọ́, nítorí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó sì lè ní láti gbẹ́ igi tuntun wọ inú rẹ̀ kó lè dúró.

Irú àtúnṣe yìí wà láàárín wa. A pe tọkọtaya jókòó, a ní, "Ẹ dì mọ́ ara yín, ó ti tán." Kò tán o! A kò gbọ́ òtítọ́, owó tí a kó jẹ kò padà, ẹni tí a ṣẹ̀ kò rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní pàtàkì, bí a bá pa ọmọdé lára, tàbí tí ọkọ ń lu ìyàwó, ẹ má ṣe fi orúkọ ìjọ bò ó mọ́lẹ̀. Kí ẹni tó wà nínú ewu kọ́kọ́ bọ́ sí ibi ààbò, kí òfin ìlú sì gbọ́. Dídárí ji ènìyàn kò ní ká fi ọmọ ẹlòmíràn wéwu.

Fún un ní àkókò

Nígbà tí ohun gbogbo bá tó, oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi kíláǹpù dán an wò láìsí gọ́ọ̀mù, kó lè rí i pé ojú méjèèjì bá ara mu. Lẹ́yìn náà ni á ki gọ́ọ̀mù káfíńtà wọ inú ibi tó ya, títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Á fún un pọ̀, á fi aṣọ tútù nu èyí tó tú jáde, á sì fi í sílẹ̀. Yóò tó wákàtí 24 nínú kíláǹpù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á tún dúró ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi okùn sí i.

Ẹ wo bí Jésù Olúwa ṣe tún Pétérù ṣe. Ó kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ àárọ̀ létí òkun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló bi í nípa ìfẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pétérù sẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi í. Ó jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀ egbò. Ó dun Pétérù, Bíbélì kò fi pamọ́. Ní gbogbo ìgbà tó dáhùn ni Olúwa ń gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, pé kí ó tọ́jú agbo òun. Ọ̀nà méjì ni ìjọ máa ń gbà ṣìnà níhìn-ín. Àwọn kan á gbé ènìyàn padà sórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn mìíràn á fi í sínú kíláǹpù fún ọdún mẹ́wàá. Gìtá tí a kò yọ kúrò nínú kíláǹpù kò lè kọrin láéláé.

Kí ó tún kọrin

Jòhánù Máàkù padà lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà (Ìṣe 13:13). Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ débi pé Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pínyà (Ìṣe 15:37-39). Bánábà mú un dání. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dàgbà, tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, Máàkù yìí kan náà ló ní kí Tímótì mú wá, nítorí ó wúlò fún òun (2 Tímótì 4:11). Ká ní kò sí Bánábà ńkọ́?

Òótọ́ ni pé bí ẹ bá wo ẹ̀yìn gìtá tí a tún ṣe, ẹ lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó ti ṣẹ́. Owó rẹ̀ lè dín kù lọ́jà àwọn tó ń kó gìtá jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó nínú ìjọ tó ń gbọ́ orin kò mọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ jí dìde pẹ̀lú àpá lọ́wọ́, kò sì fi í pamọ́ fún Tọ́másì.

Ẹ̀yin àgbà, láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe gìtá yìí fi igi kún ẹ̀yìn ọrùn níbi tó tínrín, kó má bàa ṣẹ́. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá, tó ń lu ìlù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bá ṣubú, kí ẹ tó béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí?"

Àwọn àga kan wà nínú ìjọ wa tó ṣófo, tí gbogbo wa sì mọ ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan. Ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣe. Ẹ se ìrẹsì, ẹ gbé e lọ, ẹ jókòó tì í. Ẹ sì rántí ìkìlọ̀ Pọ́ọ̀lù pé kí olúkúlùkù máa kíyè sí ara rẹ̀, nítorí àwa náà ní ọrùn, okùn sì ń fa tiwa.

Àdúrà: Baba, ìwọ tó ń to eegun tó yẹ̀, fún wa ní ọwọ́ tó rọ̀ àti ẹnu tó dákẹ́. Mú àwọn ará wa tó ṣubú padà wálé, kí ohùn wọn tún dún nínú ilé rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.