Ohùn Wo Ni Tiwa?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Òkè-Ìlá, ní ìlú Adó-Èkìtì, a lọ kí àwọn ẹbí kan tí ìyá wọn àgbà ti kú. Àwọn obìnrin ilé ti bẹ̀rẹ̀ àlámọ̀, orin tí a mọ̀ mọ́ àwọn obìnrin Èkìtì. Ẹnì kan ń dá a, àwọn yòókù sì ń gbè é. Ọmọ-ọmọ olóògbé náà jókòó láàrin wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ohùn rẹ̀ ni ó sì dùn jùlọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Wọ́n ní kí ó bá wọn gbè é. Ó pa ẹnu dé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó sorí kọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọmọ yìí kan náà kọrin ní ilé Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi bọ́ lójú àwọn àgbà. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó mú un dákẹ́ ní ilé wọn, ó dáhùn pé: “Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ohùn ará oko jáde nínú orin mi. Èmi kò mọ èyí tí í ṣe ohùn mi mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí pé òtítọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bi ara wa léèrè pé: ǹjẹ́ orin ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí ó jẹ́, tàbí ènìyàn ni ó ń yan orin, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yan aṣọ lọ́jà?

Kò sí ẹni tí ó yan orin àkọ́kọ́ tí ó gbọ́. Lẹ́yìn ìyá ni a ti gbọ́ ọ, kí a tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní ti àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu wa pàápàá ní orin nínú. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí èdè wa, orin òkè òkun ni a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí lábẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, orin ń gòkè. Ẹni tí ó fẹ́ pe ọkọ a sì pe ọkọ́. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí à ń kọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan kọ́ ni ó sọnù. Ẹni tí ó bá ń kọrin báyìí láti kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí gbà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé ohùn tí òun bá wá sáyé kò yẹ níwájú Ọlọ́run.

Àwọn kan ti rí èyí ṣáájú wa. Ọ̀gbẹ́ni T. K. Ekundayo Phillips kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní London, ó sì di olùtẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó ní ọdún 1914. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1962. Ó ṣe orin ìsìn tí ó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì ṣe ìwé kan lórí orin wa tí ó jáde ní ọdún 1953. Ìwé tí ó kà ní ìlú òyìnbó kò mú un tijú ilé; òun ni ó fi tún ilé ṣe.

Fela Sowande, tí a bí ní ọdún 1905, kọrin ní kàtídírà yìí nígbà èwe, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Phillips. Ó lu orin jáàsì ti àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ní Èkó àti ní London. Ó sì tẹ dùùrù fún ìjọ ní Kingsway Hall. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń ṣe orin tirẹ̀ fún dùùrù, orin Yorùbá ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn; Ọyígíyigì àti Ọbáńgíjì wà lára wọn. Ta ni yóò sọ pé ohùn àwìn ni ohùn ọkùnrin yìí? Ó gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a gbé dùùrù sọnù, kí a sì padà sí ìlù nìkan. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí ó fẹ́ràn dùùrù kò dẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ipá sé ọmọ mọ́ inú orin ìyá rẹ̀ àgbà bí ẹni sé ewúrẹ́ mọ́lé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ròde lè rí ẹ̀ṣọ́ mìíràn mú bọ̀. Ìtìjú ni ó ń ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe àyálò.

Báwo, nígbà náà, ni ènìyàn yóò ṣe mọ ohùn tí í ṣe tirẹ̀? Lójú tiwa, kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ gbọ́ nìkan, kì í sì í ṣe èyí tí a ń yìn ín sí jùlọ. Ohùn tirẹ̀ ni èyí tí ó lè gbé sókè níwájú gbogbo àwọn tí ó tọ́ ọ, ìyá àti olùkọ́, láìfi ọ̀kan pamọ́ fún èkejì. Bí ó bá ní láti pa apá kan ara rẹ̀ mọ́ kí orin rẹ̀ tó dùn, orin náà kò tí ì di tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa olùkọ́, iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn wa. Ọ̀rọ̀ kan péré tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì lè pa ẹnu ọmọ dé níbi òkú ìyá rẹ̀ àgbà. A ti bẹ ọmọ wa yìí pé kí ó dárí jì wá, a sì ní kí ó kọ́ àlámọ̀ náà wá fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní èyí tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ gbogbo rẹ̀; ẹni tí ó mọ ìyókù ni a ti sin.