Arọ Tó Gbọ́ Ìròyìn Ogun

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí bí ẹni pé kéèyàn ṣáà ti gbọ́, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n arọ ni òwe náà mú, kò mú ẹlẹ́sẹ̀ yíyá. Ẹni tó lè sáré lè dúró di ìgbà tí ìbọn bá dún. Arọ ní láti gbéra lọ́jọ́ tó gbọ́ ìròyìn.

Ní 1977, ìjọba Amẹ́ríkà gba DES, iṣẹ́ ọwọ́ IBM, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí kọ̀ǹpútà yóò máa fi sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju bit 56 lọ. Lọ́dún náà gan-an, Whitfield Diffie àti Martin Hellman kìlọ̀ pé ó kúrú jù: ẹni tó bá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là lè kan ẹ̀rọ tí yóò dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ wò láàárín ọjọ́ kan.

Ní 1980, Hellman fi ohun tó burú ju ìyẹn lọ hàn: ọ̀tá náà lè múra sílẹ̀. Bó bá mọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi DES tì ní gbogbo ìgbà, yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò kó díẹ̀ lára èsì rẹ̀ pamọ́; bí ọjọ́ ìjà bá pé, iṣẹ́ tó kù kò tó nǹkan.

Windows kó sínú pàkúté yìí. Ọ̀nà àtijọ́ tó fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà máa ń gé e sí lẹ́tà méje-méje, á sọ wọ́n di lẹ́tà ńlá, á fi wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ DES, á sì fi ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í yí padà. Ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ayé nìyẹn! Ní 2003, Philippe Oechslin fi gígábáìtì 1.4, ohun tí sídì méjì gbà, tú ìdá 99.9 nínú 100 àwọn aṣínà onílẹ́tà àti nọ́ńbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 13.6.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1998, ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation ti kan irú ẹ̀rọ tí Diffie àti Hellman kìlọ̀ nípa rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó 250,000 dọ́là, tó rí kọ́kọ́rọ́ DES láàárín wákàtí 56. Síbẹ̀, ó di 2005 kí ìjọba tó fagi lé DES.

Òwe náà gbà pé ẹni tó gbọ́ ìròyìn ni ogun máa bá. Níhìn-ín, báńkì àti ilé-iṣẹ́ ló gbọ́. Àṣírí àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ orúkọ DES rí ló wà lójú ogun. Ìdí nìyí tí ìlọ́ra àwọn tó gbọ́ fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹlòmíràn. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé àwọn ti gbéra nígbà tí wọ́n bọ́ sí Triple DES, tó ń ti ọ̀rọ̀ nígbà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bit 64 nínú ọ̀rọ̀ ló ṣì ń bù lẹ́ẹ̀kan, bíi ti DES àtijọ́, ní 2016 sì ni Karthikeyan Bhargavan àti Gaëtan Leurent fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà kan bá pọ̀ tó, àṣírí lè jò níbẹ̀.