Àgbẹ̀ Tí Ó Ń Dúró De Òjò

Bíbélì kíkà: Jákọ́bù 5:1-9, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 1:9-14, Ìfihàn 19:7-8.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Gbogbo wa ni a gbà pé Jésù ń padà bọ̀. A ń fi í kọrin, a ń fi í gbàdúrà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: bí ẹnu wa ti ń pè é pé kí ó máa bọ̀ yìí, kí ni ọwọ́ wa ń ṣe?

Jákọ́bù ìránṣẹ́ Ọlọ́run dá wa lóhùn. Ó ní kí a wo àgbẹ̀, bí ó ti ń fi sùúrù dúró de òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ta ni yóò kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀? Ẹ mọ̀ pé àgbẹ̀ tí ó ń dúró de òjò kì í jókòó. Kí òjò tó dé, ó ti ṣán igbó, ó ti sun ún, ó ti pọ́n ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbàdo tí yóò gbìn wà lókè àjà ìdáná, èéfín ń fẹ́ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, kò ní jẹ irúgbìn yẹn. Kò mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yòówù kí ó rọ̀, yóò bá a ní ìmúrasílẹ̀. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí oko rẹ̀ àti sí oko ọ̀lẹ. Ọ̀kan á kórè àgbàdo, èkejì á kórè koríko.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni dídúró de Olúwa rí. Iṣẹ́ ni.

Ní ọjọ́ tí Olúwa gòkè re ọ̀run, àwọn àpósítélì dúró, wọ́n ń wo òfuurufú. Àwọn wo ni Ọlọ́run rán sí wọn? Ọkùnrin méjì tí ó wọ aṣọ funfun ni. Wọn kò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wòkè títí. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n dúró ń wò, wọ́n sì fi dá wọn lójú pé yóò padà wá. Ojú kan náà ni wọ́n gbéra lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì yan ẹni tí yóò gba ipò Júdásì kí iṣẹ́ má baà dúró. Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn aláṣọ funfun àkọ́kọ́ wí.

Àwọn kan nínú ìjọ Tẹsalóníkà kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Pọ́ọ̀lù, ẹni tí ó ń pa àgọ́ kí ó má baà di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí, pàṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má jẹun (2 Tẹsalóníkà 3:6-12).

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1844 ni Olúwa yóò dé. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn fi irè oko wọn sílẹ̀ láì kórè rẹ̀. Ọjọ́ pé, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ẹkún sì gba ilé kan. Wọn kò ṣì í pé Olúwa ń bọ̀. Ọjọ́ tí Bàbá pa mọ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀ (Mátíù 24:36). Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ọjọ́ fún yín, bí ó ti wù kí ó ríran tó, ẹ má ṣe torí rẹ̀ ta oko, ẹ má sì torí rẹ̀ yọ ọmọ ní ilé ìwé.

Èmi tí mo ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín. Ní ọdún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi ro oko òwú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ó ṣe sùúrù di ìgbà tí owó òwú bá jáde. Owó òwú jáde. Ìkórè ìjọ ti sún mọ́, mo bá fi owó náà rán sùtánà tuntun, mo sì ní kí ọmọ náà tún padà wá. Ní òru ọjọ́ kan, a wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń ké pe Olúwa pé kí ó tètè máa bọ̀. Bí mo ti jáde, mo bá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìsìn o. Ara ìyá mi ni kò yá.”

Mo ní, “Ọmọ mi, ilé Ọlọ́run nìyí. Máa bọ̀ lọ́la.”

Ọ̀rọ̀ yẹn padà lù mí láyà. Mo ń sọ fún Olúwa pé kí ó máa bọ̀ lónìí, mo sì ń sọ fún ọmọ tálákà pé kí ó máa bọ̀ lọ́la! Bí Olúwa bá gbọ́ àdúrà mi ní òru yẹn ńkọ́? Ta ni ìbá kọ́kọ́ pè nínú àwa méjèèjì? Nínú orí kan náà tí Jákọ́bù ti sọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ní ẹsẹ kẹrin, ó ní owó iṣẹ́ tí a kò san fún alágbàṣe ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò padà wá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi wá a kí n tó rí i ní abúlé wọn lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́. Mo san owó rẹ̀, mo sì bẹ ìyá rẹ̀ lórí ẹní tí ó dùbúlẹ̀ sí. Ìyá náà ní kí Ọlọ́run gba àdúrà mi. Àyàfi láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi tó balẹ̀ láti sọ pé kí Olúwa máa bọ̀.

Ẹ̀yin ará, aṣọ funfun tí a wọ̀ yìí, ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé Ìfihàn sọ fún wa pé aṣọ funfun tí ìyàwó Ọ̀dọ́ Àgùntàn yóò wọ̀, iṣẹ́ òdodo àwọn ènìyàn mímọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni ó wẹ̀ wá mọ́, òtítọ́ ni. Ìwà wa ni yóò fi hàn bóyá a ti wẹ̀ lóòótọ́.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹni tí ó jẹ gbèsè, kí ó lọ san án. Bí kò bá sí lọ́wọ́, kí ó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ olówó, kí ó má sá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà ní Wàńdó ní Àjàṣẹ́, ẹ má tẹ ìdí òṣùwọ̀n wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó èésú, ẹ jẹ́ kí ó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín yodì, ẹ lọ kí i. Ẹ bẹ aláìsàn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá tan àbẹ́là yín, kí ẹ sì gbàdúrà.

Àdúrà: Olúwa Jésù, a kò mọ wákàtí rẹ. Nígbà tí o bá dé, bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Má ṣe jẹ́ kí igbe ẹnikẹ́ni tí a rẹ́ jẹ ṣáájú àdúrà wa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fún wa ní sùúrù àgbẹ̀ àti ọwọ́ àgbẹ̀. Àmín.