Ta Ló Ni Ojú Òkú?

Awọ tín-ín-rín kan bo dúdú ojú wa, ó mọ́ gaara bíi díńgí. Bí igi bá gún un, tàbí tí kẹ́míkà ta sí i, ó lè di funfun, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní í ráyè wọlé mọ́. Ní 1905, ní ìlú Olomouc, dókítà Eduard Zirm gba irú awọ yìí lára ojú tó ti bàjẹ́ tí wọ́n yọ fún ọmọdé kan, ó fi sójú òṣìṣẹ́ kan, ọkùnrin náà sì tún ríran. Lóde òní, ojú òkú ni wọ́n sábà máa ń ti gbà á.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn kan ní, bí bàbá bá tún ayé wá ńkọ́, ojú wo ni yóò fi ríran? N ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ikán tó máa jẹ ojú náà, ta ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Òkú tí kò sọ nǹkan kan kí ó tó kú ló ń kọ mí lóminú. Bí ẹbí bá ní kí wọ́n mú un, àbí ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fi ń ṣoore? Lójú tèmi, ẹnu ẹni tó ni ojú ló yẹ kó ti jáde. Mo ti sọ tèmi fáwọn ọmọ mi. Àkọ́bí ní kí n yéé sọ̀rọ̀ ikú nídìí oúnjẹ.